Tábìlì Òjò àti Káàdì Lọ́yà

Ìyá Tábìlì ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é. Kò ta tábìlì rí, kò sì kan tábìlì rí. Òun ló ń tọ́jú ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wọn, tábìlì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Tábìlì náà gùn, ó fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ, páálí tí wọ́n ṣẹ́ po ló gbé e dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni obìnrin yìí máa ń palẹ̀ orí rẹ̀ mọ́, tí á tún un tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé òjò ni á tò síbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, ó di ìwé oòrùn, ìwé iná, ìwé àwọn tó rìnrìn àjò nínú iyanrìn. Bí ìdánwò bá ń bọ̀, ìwé àwọn tó ṣubú tí wọ́n tún dìde ni. Ní ìparí ọdún, á kó gbogbo ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yá láti oṣù kìíní síta, á lẹ bébà pélébé mọ́ wọn láyà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sílé." Ẹ ò rí nǹkan. Láàárín ọjọ́ méjì péré, ìwé tí eruku ti fẹ́ẹ̀ jẹ tán á ti rí ilé sùn.

Ẹni tó bá pe iṣẹ́ yìí ní eré ọmọdé, kó wá wo obìnrin náà nídìí rẹ̀. Wáyà ló máa ń tẹ̀ tí á fi ṣe ìdúró fún ìwé, kí ojú ìwé lè ko ojú ọmọ. Òwú ló ń fà tí á fi ṣe ìkùukùu. Àlùmọ́gàjí ló fi ń gé ẹ̀kán òjò lára bébà dídán, ó lé ní igba, á wá fi òwú ìránṣọ so wọ́n kọ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, á dà bíi pé òjò ń rọ̀ nínú ilé. Ó ń fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ìwé sí ìwé. Bí ọmọ kan bá mú ìwé, tó dá a padà ní ìdàkejì, Ìyá Tábìlì á mọ̀, á sì yínmú bí ẹni tó gbóòórùn ohun tó ń jóná. Ọdún kan wà tí ọ̀gá ilé ìwé fara ti tábìlì náà níbi tó ti ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀. Páálí abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì yọ̀, gbogbo ìkùukùu sì wó lé e lórí. Ọ̀gá ń fa òwú yọ nínú irùngbọ̀n títí àwọn àlejò fi lọ. Àwọn ọmọ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ títí wọ́n fi gba ìsinmi, wọ́n ní Ìyá Tábìlì ló rọ òjò lé ọ̀gá lórí.

Ohun tó wá le jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ààbọ̀ tábìlì kò sí nínú ìwé tirẹ̀. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò tẹ́ ẹ, gbogbo ìwé tó bá ti jẹ mọ́ àsìkò náà gbọ́dọ̀ padà wálé, ibi yòówù kó wà. Ọ̀nà tó ń gbà pè wọ́n rèé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì nínú àpótí onígi kan lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ wà ní igun òkè káàdì náà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ nọ́ńbà ìwé tó bá yá síbẹ̀, ọjọ́ tó yá a, àti ọjọ́ tó dá a padà. Ìyá Tábìlì á ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, á wo ìlà ìsàlẹ̀, bí ìwé tó ń wá bá wà níbẹ̀, á da nọ́ńbà ọmọ náà kọ sórí bébà. Bébà náà á lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ìwé, akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì bọ́ sórí fọ́ọ̀nù àwọn òbí. Ìyá Tábìlì ló kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ orúkọ ọmọ, lẹ́yìn náà: "Òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, òjò ti ṣú, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ sì ti ń wá ọ̀nà ilé. Dá a padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, bí o kò bá tilẹ̀ tíì kà á tán."

Bí ọmọ bá wá kúrò ní ilé ìwé, bóyá ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ni o, bóyá àwọn òbí rẹ̀ ló kó lọ sí ìlú mìíràn, Ìyá Tábìlì á yọ káàdì rẹ̀, á fi bíírò pupa fa ìlà sí i láti igun dé igun, á sì jù ú sínú páálí kan lábẹ́ tábìlì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí.

Àfi ti Lọ́yà.

Lọ́yà kì í ṣe lọ́yà o. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá ni, tẹ́ẹ́rẹ́, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì tóbi, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìyá Tábìlì ló sọ ọ́ ní Lọ́yà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn olùkọ́ gan-an ń fi pè é. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n tẹ́ tábìlì òjò, ọmọ náà dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní ìwé kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

"Èwo nìyẹn?" ni Ìyá Tábìlì bi í.

"Ìwé òkun yìí, mà. Òkun ò nílò òjò. Bí òjò ò bá rọ̀ títí ọdún á fi parí, òkun á ṣì wà níbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ìwé yín ni, mà. Ojú ewé kejìlá."

Ìyá Tábìlì ṣí ojú ewé kejìlá. Bí ọmọ náà ṣe wí ló rí. Ó gbé ìwé òkun kúrò lórí tábìlì, inú ń bí i díẹ̀, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. Láti ọjọ́ náà, kò tún tẹ́ tábìlì kankan tí kò ní dúró kí Lọ́yà wá wò ó kó tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn yòókù. Kò ní ọmọ obìnrin nílé. Ọkùnrin méjì ló bí, àwọn méjèèjì ti ní ilé tiwọn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì máa ń bá a sọ lórí fọ́ọ̀nù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun máa ń wo aago bí ilé ìwé bá ti fẹ́ẹ̀ jáde, kí ọmọ yìí lè yọjú.

Nínú ìsinmi ọlọ́sẹ̀ márùn-ún tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn tábìlì ìdánwò, Lọ́yà kú. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ ló pe Ìyá Tábìlì lórí fọ́ọ̀nù. Ó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni, ó ti pẹ́ tó ti ń bá a jà, àwọn òbí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìyá Tábìlì lọ sílé wọn. Ó bá yàrá tó kún fún èèyàn, ó bá ìyá ọmọ náà tó jókòó sórí àpótí ìránṣọ, tó ń wo ilẹ̀. Ó jókòó fún wákàtí kan, ó dìde, ó lọ.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ káàdì Lọ́yà. Ó mú bíírò pupa. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ lé igun káàdì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ó sinmi, ó tún un gbìyànjú. Ó dà bíi pé bí òun bá fa ìlà yẹn, òun gan-an ló parí iṣẹ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ó de ìdérí bíírò, ó sì ki káàdì náà bọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Ó ní ó di ọjọ́ mìíràn. Kò ní èrò burúkú kankan lọ́kàn o. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ni, ohun tó sì dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò dé kó tó di àsìkò rẹ̀. Orúlé ilé ìkàwé ń jò ní ibi méjì, Ìyá Tábìlì ń gbé ike síbí, ó ń gbé ike sọ́hùn-ún, ọ̀gá sì ti ránṣẹ́ pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo ilé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ń kán an. Ó jókòó ti àpótí káàdì, ó fi itọ́ kan àtàǹpàkò, ó ń ṣí wọn wàràwàrà, ìlà ìsàlẹ̀, nọ́ńbà igun òkè, ìlà ìsàlẹ̀, nọ́ńbà igun òkè. Nọ́ńbà nìkan ló ń wò. Kò ka orúkọ ẹnì kan. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n. Ó gbé bébà náà fún akọ̀wé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ ní oṣù yẹn, tí kò mọ ọmọ kankan yàtọ̀ sí èkejì.

"Kó lọ lónìí o," ni Ìyá Tábìlì wí.

"Ó ti lọ nìyẹn, mà," ni akọ̀wé dáhùn, ó sì fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà.

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́rú, àwọn ọmọ ń mú wọn wọlé, òmíràn lábẹ́ apá, òmíràn nínú ọ̀rá nítorí òjò. Ìyá Tábìlì ń tò wọ́n. Ìwé ọ̀pọ̀lọ́, ìwé odò, ìwé bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá, ìwé àwọn ọmọ tí àgbàrá òjò há mọ́ orí igi. Agbòòrùn àtijọ́ kan tí ọ̀pá rẹ̀ ti ṣẹ́ ló ṣí sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìdúró kan ṣoṣo ló kù tí kò ní ìwé lórí, èyí tó wà ní àárín gbùngbùn. Ìwé ewúrẹ́ ló ni ín. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí mọ́kànlá, ó sọ ìtàn atukọ̀ àgbàlagbà kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ tí omíyalé gbé lọ jìnnà sílé, tí wọ́n wá ń tu ọkọ̀ bọ̀ padà. Ẹ̀yìn ìwé náà lẹ́wà, òjò aláwọ̀ aró ló kún ibẹ̀, ọdọọdún ló sì máa ń jókòó sáàárín. Ìyá Tábìlì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó wọlé kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Obìnrin kan ni, ó ká teépù ìwọnṣọ sọ́rùn bí ẹni tó dìde nídìí iṣẹ́ láìmọ̀ pé òun dìde. Ìyá Tábìlì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Lọ́…" Ìyá Tábìlì gé orúkọ náà sẹ́nu.

"Ẹ pè é tán, mà. Kò sẹ́ni tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá rí mi báyìí, wọn ò tún mọ ohun tí wọ́n máa pè mí."

"Ìyá Lọ́yà. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

Obìnrin náà kò jókòó. Ó mú àpò kékeré kan jáde lábẹ́ apá, aṣọ ni wọ́n fi rán an, wọ́n sì fi okùn sí i lẹ́nu. Ó tú okùn náà, ó fa ìwé ewúrẹ́ yọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú.

"Ìwé yín rèé. Wọ́n ní ká dá a padà."

"Ta ló ní kí ẹ dá a padà?"

Obìnrin náà yọ fọ́ọ̀nù, ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án sí i. Ìyá Tábìlì gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Orúkọ ọmọ náà ló ṣáájú, lódindi, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Ó kà á títí dé "bí o kò bá tilẹ̀ tíì kà á tán." Ojú tì í bí kò ṣe tì í rí láyé.

"Ìdí máṣíìnì ni mo wà nígbà tó wọlé," ni ìyá ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì sí ìbínú níbẹ̀. "Mo rí orúkọ ẹ̀. Mo ti dìde, mà. Mo ti ń pè é pé, 'Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́, àwọn ará láíbìrì ń bèèrè ìwé wọn.' Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá kí n tó rántí."

Ìyá Tábìlì fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ju obìnrin náà lọ ní ogún ọdún, ó sì ti tẹ orúnkún kan báyìí, kí ìyá ọmọ náà tó sáré dì í lápá mú.

"Haà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ dìde. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún ru ẹrù míì ni? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni mo jẹ̀bi ẹ̀. Akọ̀wé ò mọ nǹkan kan. Èmi ni."

"Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní ká mú un wá bí a ò bá tiẹ̀ tíì kà á tán. Òótọ́ ni, a ò tíì kà á tán."

Ó wá jókòó, lórí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké tí àwọn ọmọ ń lò, eékún rẹ̀ ga dé àyà. Ó ní ní ọsibítù, òun lòun ń kà á fún ọmọ náà, nítorí ojú ń dùn ún. Bí òun bá ti kà á parí orí kẹsàn-án, ọmọ náà á ní ó tó, ó ti rẹ òun, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun ka orí kìíní dé ìkẹsàn-án. Bí òun bá ní kí àwọn tẹ̀ síwájú, á fi ọwọ́ bo ojú ewé. Ó ní ó di ọjọ́ tí àwọn bá délé. Ó ní ìyá òun kò sì gbọdọ̀ dá kà á.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti dájọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n." Ìyá Tábìlì ti ìwé náà padà sí i. "Ẹ máa mú un lọ. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Títí láé, tiyín ni."

"Rárá, mà. Mi ò lè kà á, mi ò sì lè máa wò ó. Ìdí tí mo fi rán àpò sí i nìyẹn." Ó nu imú pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Báwo ni orúkọ ẹ̀ ṣe dé ibẹ̀? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé wọ́n á ti yọ ọ́."

Irọ́ ì bá rọrùn. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ tí ì bá dì í lé lórí, akọ̀wé tuntun náà wà níbẹ̀. Ìyá Tábìlì sọ òótọ́. Ó sọ ti bíírò pupa, ó sọ ti ìlà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti fà, ó sì sọ bó ṣe dá káàdì náà padà sínú àpótí bí ẹni pé ọmọ náà ṣì ń bọ̀ wá yá ìwé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì nù ún.

Ìyá ọmọ náà gbọ́ ọ tán. "Ẹ jẹ́ kí n rí i," ló wí.

Káàdì náà kún ní iwájú, ó kún ní ẹ̀yìn. Ìyá ọmọ náà gbé e lé orí eékún, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ yòókù ń kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ nìkan. Lọ́yà ń kọ ìdájọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dáa díẹ̀. Irọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó kọ èyí ò rí ọ̀pọ̀lọ́ rí. Níbi tó dé ìyẹn, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá ọmọ náà, ẹ̀rín gidi, Ìyá Tábìlì náà rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì wo ara wọn bí ẹni tó jí nǹkan jẹ.

Ìka náà tún ń lọ. Ó dúró. Ìyá ọmọ náà gbé ìwé ewúrẹ́, ó wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wo káàdì.

"Nọ́ńbà yìí, ṣé ìwé yìí náà ni?"

"Òun ni."

"Ó yá a lọ́dún tó kọjá?"

Ìyá Tábìlì tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Òun gan-an kò rántí. Ọmọ tó ń yá ìwé mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ta ló lè rántí gbogbo rẹ̀? Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, nígbà òjò ọdún tó kọjá. Ó dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Kò sì kọ ìdájọ́ kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó tún rèé," ni ìyá náà wí. "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní." Ó tẹ ìka mọ́ ọjọ́ náà. "Ọjọ́ kẹtàlá ni dókítà pè wá jókòó, èmi àti bàbá ẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá gan-an. Ọmọ wà níta, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, nọ́ọ̀sì ń fún un ní súìtì. A nu ojú wa dáadáa ká tó jáde. A ní ẹ̀jẹ̀ ló kéré lára ẹ, bó o bá ń jẹun dáadáa, ó ti tán nìyẹn."

Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà ìkẹyìn, ọjọ́ tí ilé ìwé gba ìsinmi. Nọ́ńbà kan náà ni.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ló wí. "Mà, kí ló wà ní orí kẹwàá?"

Ìyá Tábìlì mọ ohun tó wà ní orí kẹwàá. Àtìgbà tí obìnrin náà ti dárúkọ orí kẹsàn-án ni ọkàn rẹ̀ ti já. Ìyá ọmọ náà kò dúró de èsì. Ó ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀, ó wá ojú ewé ọ̀hún, ó sì gbé e fún un.

"Ẹ kà á fún mi. Ó ní mi ò gbọdọ̀ dá kà á, mi ò sì dá nìkan wà."

Ìyá Tábìlì fa àga kékeré kan, ó jókòó tì í, ó kà á. Ojú ewé mẹ́rin péré ni. Ewúrẹ́ náà ti ń ṣàìsàn láti orí keje. Atukọ̀ ń ki í láyà, ó ní ilé ò jìnnà mọ́, ó ń ka orúkọ gbogbo ewéko tó wà lẹ́yìnkùlé fún un. Ní orí kẹwàá, ewúrẹ́ gbé orí lé ẹsẹ̀ atukọ̀, ó kú, àtùpà sì ń jó lọ ní tirẹ̀. Ní orí kọkànlá, atukọ̀ gúnlẹ̀ lóun nìkan, ó so okùn ewúrẹ́ mọ́ ibi tó máa ń so ó mọ́, ó sì jókòó tì í. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Ìyá Tábìlì kà á dé òpin.

Ìyá ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wo ìdúró tó ṣófo lórí tábìlì. Òjò bébà ń yí díẹ̀díẹ̀ lókè rẹ̀.

"Ó mọ̀," ló wí níkẹyìn. "Ó ti mọ̀ ká tó sùn lọ́jọ́ kẹtàlá yẹn. Èmi ń fi pa mọ́ fún un, òun ń fi pa mọ́ fún mi. Mo rò pé ó ń dá ara ẹ̀ dúró. Èmi ló ń dá dúró kí n má dé ibẹ̀."

Ìyá Tábìlì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin náà dìde. Ó gba ìwé ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ìdúró àárín, ó fi ìka tún un ṣe kó lè dúró gbọnrangandan. Ó wá mú káàdì náà.

"Ìwé ni tiyín. Ọwọ́ ọmọ mi ló wà lára èyí. Ṣé mo lè mú un lọ?"

Òfin ní káàdì kì í jáde nílé ìkàwé. Ìyá Tábìlì gan-an ló kọ òfin náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

"Ẹ mú un lọ."

Ó rọra fi káàdì náà sínú àpò tó rán fún ìwé, ó fa okùn rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ká ní mo ti ṣí ojú ewé yẹn níjọ́ kìíní, mà, à bá ti jọ sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Gbogbo àkókò yẹn, a ò jọ sunkún rárá. Ẹ̀rín là ń rín sí ara wa."

Agogo ìsinmi lù. Àwọn ọmọ tú jáde láti kíláàsì gbogbo, wọ́n ń sáré bọ̀ wá wo tábìlì òjò, obìnrin náà sì bọ́ sáàárín wọn, òun ń lọ, àwọn ń bọ̀. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá ọmọ kan ṣáá ni lójú wọn, wọ́n sì ń kí i bí wọ́n ṣe ń kọjá, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, mà." Ó fún àpò náà mọ́ àyà, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi jáde ní géètì.